Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ gbèsè, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ará Igbotako nílé lóko, ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà ní Èkó, ní Àkúrẹ́, ní London àti níbi gbogbo tẹ́ ẹ ti ń ka ojúewé yìí. Ọ̀rọ̀ òní gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ẹ má kàn kọ "Àmín" kẹ́ ẹ kọjá, ẹ bá mi kà á tán.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp mi láti nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Arákùnrin kan nínú ìjọ wa ni. Wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sí i lójú pé olè ni, pé oníjìbìtì ni, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n ní èmi ló fi ṣe onídùúró. Èmi ò dúró fún ẹnì kankan o. Nọ́ńbà mi ló wà nínú fóònù rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ìyá ìyàwó rẹ̀ ti rí fọ́tò náà, ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ti rí i, oníbàárà tó ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkìtìpupa ti rí i. Owó tó yá lórí áàpù yẹn, ₦45,000 ni.

Ó ti tó Sunday mẹ́ta tí arákùnrin yìí ò ti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ ohun tá a sọ? A ní ó ti fà sẹ́yìn. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa tiẹ̀ ní bóyá ó ti wọ ẹgbẹ́ kẹ́gbẹ́. Èmi náà, kí n má parọ́, mo dárúkọ rẹ̀ nínú ìṣọ́ òru, mò ń lé ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn jáde lára rẹ̀ láti òkèèrè. Ìgbà tí fọ́tò yẹn dé ni mo tó wọ bàtà lọ sílé rẹ̀. Mo bá ọkùnrin tí kò sùn. Ó ti pa fóònù rẹ̀, ó sì ti kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, síbẹ̀ ó ní òun ń gbọ́ ọ tó ń dún. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé tó bá ti di aago méjì òru, ó máa lọ jókòó sẹ́yìn ilé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ó ń jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ku èmi àti òun nìkan, ó ní: "Dádì, ṣebí àwọn àgbà ló ní ikú yá ju ẹ̀sín."

Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Òwe yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Mo mọ̀ pé a máa ń pa á fún ọmọ kó má bàa jalè, kó má bàa ba orúkọ ilé jẹ́, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jalè, tó yá owó nítorí pé ọmọ ń ṣàìsàn tàbí nítorí pé ẹ̀rọ tó fi ń fún epo bàjẹ́, tó wá ń fi òwe yẹn bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru, tirẹ̀ ti kúrò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ikú ò yá ju ẹ̀sín gbèsè. Gbèsè ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó rí fọ́tò yẹn lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ti gbàgbé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ta ni yóò bá òkú ọkùnrin san gbèsè rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ ni, àtàwọn ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fi ìtìjú gba owó lọ́wọ́ Yorùbá. Samuel Johnson, pásítọ̀ ni òun náà, ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè. Olówó á bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò á wọ inú ilé onígbèsè, á jókòó tì í, á máa pariwo, á máa bú u, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún òun, adìyẹ tó bá rí lágbàlá á kì í, á pa á jẹ. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni kò ní í ní ìsinmi, gbogbo agbo ilé ni. Ẹ tún rántí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri tí wọ́n ń tà á láwìn, àwọn òṣómàáló: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Ẹni tí kò bá sì rí san rárá lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe nínú oko olówó, èlé ni, kò dín ojú owó kù rárá. Ẹlòmíì ṣe é títí irun orí rẹ̀ fi funfun.

Torí náà, mi ò ní í sọ pé ayé àtijọ́ dùn. Ṣùgbọ́n ológò ìgbà yẹn ní ojú. Àgbà ilé lè pè é sẹ́yìn, kí ó bẹ̀ ẹ́. Òun náà á sùn tó bá rẹ̀ ẹ́. Ológò inú fóònù kò lójú, kò lórúkọ, kì í sùn, ojúlé gbogbo ẹni tó o mọ̀ ló sì ń jókòó sí lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbà ilé wo ló fẹ́ bẹ áàpù?

Ìjọba náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ẹ̀rín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí bó ṣe ń lo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kó àwọn agbófinró lẹ́yìn, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan ní Ìkẹjà. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google ní òun ò fẹ́ rí áàpù ẹ̀yáwó tó ń wọ inú orúkọ àti fọ́tò tó wà nínú fóònù èèyàn mọ́. Òfin tuntun FCCPC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2025 sọ pé ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 100 náírà, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà. Ó wà lákọsílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá gba áàpù láti inú ìlìǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, tí kò gbà á ní Play Store, ó ti fún olè ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Orúkọ àwọn ayánilówó tí FCCPC fọwọ́ sí wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan.

Áàpù nìkan kọ́ o. Ẹ̀yin ìyá mi, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Owó gbómúlélántà. A ń pe orúkọ yẹn, a ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀yin mélòó kan á kóra jọ, ẹ ó dúró fún ara yín, ẹ ó máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan ò bá rí tirẹ̀ mú wá, ìpàdé ò ní í tú ká. Ọ̀rẹ́ yín láti kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín bí ẹni tó jí owó rẹ̀. Mo mọ obìnrin tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà nítorí pé kò fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹni tó dúró fún un.

Ẹ wò ó lójú iṣẹ́ wa níbí ná. Igbotako yìí, epo la fi ń jẹun, ẹ̀gẹ́ la fi ń ṣe gàárì àti pupuru. Ìgbà tí ẹyìn bá pọ̀ ń bẹ, ìgbà tí ẹyìn ò sí ń bẹ. Igi ọ̀pẹ ò mọ ọjọ́ Tuesday. Ẹni tí oko rẹ̀ ń mówó wá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan, kí ló fẹ́ máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ó máa yá òmíràn láti fi san èyí ni. Bí gbèsè kan ṣe ń di mẹ́rin nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà, irú owó ẹgbẹ́ báyìí dá wàhálà sílẹ̀ ní 2010. Ìròyìn àwọn onígbèsè tó ń gbẹ̀mí ara wọn pọ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pàjáwìrì ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n sì ní kí sísan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di oṣooṣù. Mi ò sọ pé gbogbo owó ẹgbẹ́ ló burú, àwọn kan ti fi kọ́lé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ìgbà sísan bá ìgbà ìkórè mu, ẹni tí kò bá sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má gba owó rẹ̀.

Ní Íńdíà yẹn náà, ní Tamil Nadu, àwọn onímọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ oníìrèké ní ìdánwò ọpọlọ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó kórè, nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn, àti lẹ́yìn tí wọ́n kórè tán. Èèyàn kan náà ni o. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013: àgbẹ̀ kan náà ṣe dáadáa lẹ́yìn ìkórè ju bó ṣe ṣe ṣáájú lọ. Kò ya òmùgọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n. Àìlówó ló gba àyè nínú orí rẹ̀. Ní Singapore, wọ́n ṣèwádìí nípa àwọn tálákà tí wọ́n bá san gbèsè, èsì rẹ̀ jáde ní 2019. Àyà jíjá wọn dín kù, ọpọlọ wọn sì já geere sí i. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iye gbèsè tó kúrò lọ́rùn wọn ṣe pàtàkì ju bí owó náà ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹni tó jẹ èèyàn mẹ́fà ní owó kékeré lè má sùn, kí ẹni tó jẹ èèyàn kan ní owó ńlá sì sùn. Ẹnu mẹ́fà ló ń pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo ronú nípa arákùnrin wa. A ti ń sọ pé kò lọ́gbọ́n, pé báwo ló ṣe máa lọ yá owó láti fi san owó. Ẹni tí kò sùn fún oṣù méjì ló ń ṣe ìṣirò yẹn o.

Ọ̀rọ̀ náà tún máa ń yí padà. Àìsàn ọkàn náà a máa bí gbèsè. Ẹni tí ìsoríkọ́ bá mú kò ní í lè dìde lọ sóko, ẹyìn á jẹrà nílẹ̀, owó ilé ìwé á délẹ̀, yóò yá a. Ẹlòmíì wà tí àìsàn tirẹ̀ máa ń jẹ́ kó ná owó bí ẹni pé ọ̀la ò sí. Àwọn òyìnbó ti rí èyí débi pé ní England àti Wales, láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2021, onígbèsè lè gba ọgọ́ta ọjọ́ ìsinmi tí olówó ò gbọdọ̀ fi yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé àìsàn ọpọlọ tó le ló ń bá a jà, ìsinmi náà á gùn tó ìgbà tó bá fi ń gba ìtọ́jú, wọ́n á tún fi ọgbọ̀n ọjọ́ lé e. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ń fi gbèsè pamọ́ fún wa nílé nítorí pé a rò pé owó ń so lórí igi lọ́dọ̀ yín, ẹ lọ béèrè nípa rẹ̀. (Àwa tá à ń fi fóònù dà yín láàmú lóṣooṣù náà, kí Ọlọ́run ṣàánú wa.)

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Dáfídì sá sínú ihò Àdúlámù, 1 Samuẹli orí 22, irú èèyàn mẹ́ta ni Bíbélì sọ pé ó wá bá a: àwọn tó wà nínú ìpọ́njú, àwọn tó jẹ gbèsè, àtàwọn tí ọkàn wọn korò. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, orí ogun àti ìjọba ni mo máa ń gbé e gbà. Mi ò kíyè sí i rí pé Bíbélì to gbèsè àti ọkàn kíkorò tẹ̀ lé ara wọn nínú ẹsẹ kan ṣoṣo. Dáfídì ò sì lé wọn. Kò ní kí wọ́n lọ san gbèsè wọn tán kí wọ́n tó wọlé. Tiwa ńkọ́? Ta ló lè dìde ní Igbotako lónìí láàárín ìjọ kó ní, "Ẹ gbàdúrà fún mi, mo jẹ gbèsè"? Ká tó ṣe Àmín, ìròyìn á ti dé Erínjẹ.

Ẹ tún wo opó tó wá bá Èlíṣà nínú 2 Ọba orí 4. Ìyàwó ọmọ wòlíì ni, ìyàwó pásítọ̀ ká ní lóde òní. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì kú sínú gbèsè, olówó ń bọ̀ wá mú ọmọ méjì lọ. Ìwọ̀fà gan-an nìyẹn. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé gbèsè jẹ́ ẹ̀rí pé èèyàn ò gbàdúrà tó, ẹ ní kó ka ibẹ̀. Èlíṣà ò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá. Ó bi í pé kí ló wà nílé. Epo ló wà nílé. Ẹ̀yin ará Igbotako, epo! Nígbà tí iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ tán, wòlíì ní kó lọ ta epo náà, kó san gbèsè, kí òun àtàwọn ọmọ máa jẹ ìyókù. Iṣẹ́ ìyanu náà gba ọjà kọjá. Kò sọ fún un pé kó mú ìdajì wá fún òun.

Ibi tó dùn mí nìyẹn. Ọdún tí a fẹ́ kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo dúró lórí pẹpẹ, mo ní kí àwọn èèyàn dìde kí wọ́n dárúkọ iye tí wọ́n máa san. Arábìnrin kan dìde, ó dárúkọ owó tó jọ mí lójú. Ó san án. Ó jó wá síwájú, mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo súre fún un. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé gbómúlélántà ló lọ gbà. Odidi ọdún kan ló fi san án, tòun tèlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga láàárín ọdún yẹn. Mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dárí jì mí, ó tiẹ̀ sè pupuru fún mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbójú sókè wo páànù yẹn, mo mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Láti òní lọ, kò sí ẹni tó máa dárúkọ owó lójú ìjọ mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń darí. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń sọ fún ọmọ ìjọ pé kí wọ́n yá a, kí wọ́n gbin ín, kí ẹ̀rù Ọlọ́run bà wá.

Àwọn tó ń yáni lówó èlé láàárín ìjọ náà wà. Mo mọ̀ yín. Ẹlòmíì nínú yín, sógúndógójì ló ń gbà, ó sì tún ń gbé àpótí ọrẹ. Nínú Nehemáyà orí 5, àwọn èèyàn ti fi oko àti ọmọ dógò kí wọ́n tó ké jáde. Nehemáyà bínú. Àwọn ìjòyè tó ń gba èlé lọ́wọ́ arákùnrin wọn ló bá wí, ó sì ní kí wọ́n dá oko padà. Mi ò rí ibi tó ti bú onígbèsè.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. "Pásítọ̀, ṣé kí onígbèsè máa sá ni? Owó wa ńkọ́?" Rárá o. Ẹni tó yá owó, kó san án. Ìwé Sáàmù pe ẹni tó yá tí kò san ní èèyàn burúkú, mi ò lè yí i padà. Sísá gan-an ò sì ṣeé ṣe mọ́: láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni CBN ti gba báǹkì láyè láti fi BVN tọ owó wọn lẹ́yìn dé inú àkáǹtì èèyàn ní báǹkì mìíràn. Mo tún mọ̀ pé gbogbo gbèsè kọ́ ló wá láti ọ̀dọ̀ oògùn ọmọ. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń bẹ níbẹ̀. MMM ti oṣù Kejìlá 2016 ń bẹ níbẹ̀, CBEX ti oṣù kẹrin 2025 ń bẹ níbẹ̀, àwọn kan yá owó láti fi sínú rẹ̀. Òkú tá a sin bí ìgbéyàwó náà ń bẹ níbẹ̀, àwa pásítọ̀ sì jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í san gbèsè, wèrè kì í san gbèsè. Ẹ jẹ́ kó yè ná, kí orí rẹ̀ pé, kó lè san án.

Kẹ́ ẹ sì mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ ní abala 32 pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Tẹ́ ẹ bá kọ sọ̀wédowó tí owó ò sí nínú rẹ̀, tàbí ẹ lu jìbìtì, ìyẹn yàtọ̀, ọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn jẹ gbèsè, iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ láti bá olówó gbà á. Ẹni tó bá ń fi fọ́tò yín kiri, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má tún bú u padà. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi sùn ún fún FCCPC.

Fún ẹ̀yin ìyàwó, ọkọ, àbúrò, ọ̀rẹ́: tẹ́ ẹ bá rí ẹni tí kò sùn mọ́, tí kì í jẹun, tó ń fún àwọn èèyàn ní ohun ìní rẹ̀, tó ń dágbére lọ́nà tí kò yé yín, ẹ bi í léèrè tààrà, "Ṣé o ti ń ronú láti pa ara rẹ?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ìgbà tí mo bi arákùnrin wa, ẹkún ló sun, ó ní ẹnì kankan ò tíì bi òun rí. Ẹ má fi í sílẹ̀ nìkan lóru. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa, wọ́n lè darí yín lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yin tó wà ní Èkó, ẹgbẹ́ SURPIN ní LUTH ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn nítorí abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, tó ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Èmi ò fara mọ́ òfin yẹn. Ẹni tí ilé ń jó, a kì í dá a lẹ́jọ́ nítorí pé ó pariwo. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Lílọ sọ́dọ̀ dókítà kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe pé èèyàn ti ya wèrè. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àwọn òyìnbó amúnisìn tó ń pe aláìsàn ní wèrè látinú orúkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, abúlé ló fi àwọn aláìsàn rẹ̀ sí, láàárín ẹbí àti ará. Ó tún pe àwọn adáhunṣe mọ́ra, mi ò ní í bá a dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ara kì í tètè yá ẹni tó dá wà. Ẹ sì rántí Èlíjà lábẹ́ igi nínú 1 Ọba orí 19, nígbà tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì ò bá a wí. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ́ kó sùn, ó tún gbé oúnjẹ fún un.

Arákùnrin wa ńkọ́? Ó ti ń lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, ó ń lò ó. Ọjọ́ kejì tí mo dé ilé rẹ̀, èmi, òun àti ìyàwó rẹ̀ mú ìwé ọmọ wọn, a kọ gbogbo ẹni tó jẹ ní gbèsè sí i. Ìyàwó rò pé méjì ni. Méje ni. A kọ ojú owó, a kọ èlé, a kọ ọjọ́. A kọ́kọ́ mú àwọn mẹ́ta tó kéré jù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti alájẹṣẹ́kù ṣọ́ọ̀ṣì bá a san wọ́n láìgba èlé. Èmi àti àgbà kan lọ bá méjì nínú àwọn ìyókù, wọ́n gbà kó máa san án lóṣooṣù lẹ́yìn ìkórè. Méjì tó kù ṣì ń pariwo. Alẹ́ ọjọ́ tá a fa ìlà lórí orúkọ àwọn mẹ́ta yẹn, ìyàwó rẹ̀ pè mí ní aago mẹ́fà ìdájí. Àyà mi já kí n tó gbé fóònù. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú pé mo pè yín láàárọ̀ yìí. Ó ṣì ń sùn."

Láti ọjọ́ Saturday tó ń bọ̀, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì á máa ṣí sílẹ̀ láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò sí àpótí ọrẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì á wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ò kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, Mùsùlùmí pàápàá, ẹ máa bọ̀. Ẹ mú bírò àti ìwé dání, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀yìn wọlé tẹ́ ò bá fẹ́ kí wọ́n rí yín. Mo ti ní kí wọ́n ro koríko ibẹ̀.